Wọ́n fẹ́ wa èédú nítòsí ilé wa, kí ló lè ṣe fún ara wa?

Abíyè

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan, mi ò sì mọ ẹni tí mo tún lè bi. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ wá wa èédú nítòsí ibi tí à ń gbé, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ihò wọnú ilẹ̀ lọ o, èyí tí wọ́n á fi katapílà bó gbogbo òkè ilẹ̀ kúrò, tí wọ́n á sì máa yin dánámáìtì fọ́ àpáta títí wọ́n á fi kan èédú. Wọ́n ti pè wá sípàdé, wọ́n ní kò séwu kankan, eruku díẹ̀ ló máa wà, àwọn á sì máa wọ́n omi sí i, iṣẹ́ á sì wà fún àwọn ọ̀dọ́. Inú àwọn kan dùn, èmi náà ò ní kí iṣẹ́ má wá, ṣùgbọ́n ọmọ mi kejì ní ásímà, ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní ẹ̀jẹ̀ ríru, omi kànga la sì ń mu. Nígbà tí mo béèrè pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí kànga wa, ẹni tó ń dáhùn kàn ní ká fọkàn balẹ̀, ló bá bọ́ sórí ìbéèrè ẹlòmíì. Ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé kí ni iṣẹ́ yìí máa ń ṣe fún àwọn tó ń gbé nítòsí rẹ̀, kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ o, àwa ará ilé. Ṣé òótọ́ ni pé eruku lásán ni? Báwo ló ṣe yẹ kó jìnnà sílé tó? Kí la sì lè ṣe báyìí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀? Ìpàdé míì ṣì ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tórí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè àfìgbà tí ikọ́ bá ti wọlé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì pẹ́ ní kìlíníìkì kan tí ibi ìwa-èédú wà nítòsí rẹ̀, nítorí náà mo máa fi ohun tí mo rí kún èyí tí ìwé sọ.

Eruku tí wàá máa rí lórí tábìlì àti lára aṣọ tí o sá síta kọ́ ni ìṣòro tó le jù. Èyí tó tóbi níwọ̀nba máa ń há sí imú àti ọ̀fun, èèyàn á sín, á wúkọ́, á fun imú, ó ti jáde nìyẹn. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbẹ tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ bọ̀ láti ibi ìwakùsà, a máa ń fi òwú tútù nu ihò imú àwọn ọmọ tí wọ́n gbé wá, dúdú ni òwú yẹn ń jáde, ẹ̀rù á ba àwọn ìyá wọn, èmi náà á sì máa sọ fún wọn pé èyí tí a ń nù jáde yìí, ó ti jáde, èyí tí òwú ò lè kàn ni ká máa bẹ̀rù. Èyí tí ojú ò rí ni wọ́n ń pè ní PM2.5. Ó kéré débi pé tí o bá mú irun orí kan ṣoṣo, ìbú irun yẹn á gba nǹkan bíi 30 nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyẹn ń kọjá ọ̀fun lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóóró, èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ a sì máa wọnú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ikọ́ nìkan, ó ń yọ ọkàn lẹ́nu, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń dá kún àrùn rọpárọsẹ̀. Torí náà ìyá ọkọ rẹ wà nínú àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gan-an, kì í ṣe ọmọ tó ní ásímà nìkan. Àwọn WHO, àjọ ìlera àgbáyé, dín ìwọ̀n tí wọ́n gbà láyè kù lọ́dún 2021, wọ́n ní kí PM2.5 má ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan tí a bá ṣírò ti odindi ọdún, 10 ni wọ́n sì ń sọ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ìwádìí ṣe ń pọ̀ sí i, ńṣe ni wọ́n ń rí i pé èyí tí wọ́n rò pé kò ṣe nǹkan náà ń ṣe nǹkan.

Ohun míì tún ni pé eruku yẹn kì í ṣe èédú nìkan. Kí wọ́n tó kan èédú, wọ́n á kọ́kọ́ fọ́ òkúta tó wà lórí rẹ̀, òkúta yẹn sì sábà máa ń ní silica nínú, ìyẹn èròjà tó wà nínú yanrìn. Silica tó kúnná ń dá egbò sínú ẹ̀dọ̀fóóró, egbò tí kì í jinná, ó sì wà lára ohun tí àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti fọwọ́ sí pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Èéfín dísẹ̀lì látara katapílà àti típà, wọ́n fọwọ́ sí òun náà lọ́dún 2012. Òṣìṣẹ́ tó wà nínú ihò ni silica ń bá jà jù, òótọ́ ni, àmọ́ òṣìṣẹ́ lè bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sílé, ọmọ tó ń gbé ibẹ̀ kò ní ibòmíì tó ń lọ. Ọmọdé sì ń mí léraléra ju àgbà lọ, afẹ́fẹ́ tó ń fà símú pọ̀ ju tàgbà lọ tí a bá fi wé bí ara rẹ̀ ṣe kéré tó, ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀ ṣì ń dàgbà.

Ọmọ_Awakùsà

Màmá ti sọ̀rọ̀ o, ẹ ṣeun ma. Àǹtí Abíyè, èmi wa típà níbi ìwa-èédú, àwọn tí táyà wọn ga ju èèyàn lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ apá tí wọn kì í sọ nípàdé.

Ohun tó ń gbé eruku jáde jù kì í ṣe dánámáìtì, ojú ọ̀nà tí típà ń gbà ni. Yèèpẹ̀ lásán ni ọ̀nà yẹn, ọkọ̀ ń lọ ọkọ̀ ń bọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, táyà ń lọ̀ ọ́ kúnná ṣáá ni. Tí wọ́n bá ń wọ́n omi sí i déédéé, tí wọn ò jẹ́ kí típà sáré àsápajúdé, tí wọ́n sì bo èédú tí wọ́n kó sẹ́yìn ọkọ̀, eruku á dín kù gidi gan-an, mo fojú ara mi rí i, nítorí náà irọ́ kọ́ ni wọ́n pa pé omi ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ọkọ̀ omi yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá dúró tí iṣẹ́ bá pọ̀, tí dísẹ̀lì bá wọ́n, tàbí tí ilẹ̀ bá ti ṣú tí kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n mọ́, àwa tí a wà níbẹ̀ mọ̀. Torí náà tí wọ́n bá ní àwọn á máa wọ́n omi, ẹ bi wọ́n pé ọkọ̀ omi mélòó, wákàtí wo sí wákàtí wo, ṣé lóru náà, ibo ni wọ́n ti ń pọn omi ọ̀hún, ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ tí ará àdúgbò lè lọ wò ó. Ẹ tún ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn eruku sí àdúgbò yín, kì í ṣe sí ẹnu géètì wọn.

Nípa yíyin àpáta. Ohun tí wọ́n ń lò jù ni ammonium nitrate tí wọ́n pò mọ́ dísẹ̀lì, ANFO là ń pè é. Tó bá jó dáadáa, eruku àti èéfín tó máa tú ká lẹ ó rí. Tí kò bá jó dáadáa, bóyá torí omi ti wọ ihò tí wọ́n rọ ọ́ sí, ìkùukùu aláwọ̀ ọsàn kan máa ń dìde, nígbà míì ó pọ́n rúsúrúsú. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní àwọ̀ yẹn. Nitrogen dioxide ló wà nínú rẹ̀, èèyàn lè fà á símú kó kàn wúkọ́ díẹ̀ kó rò pé ó ti tán, kí èémí wá bẹ̀rẹ̀ sí í há a ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà torí pé omi ti ń kún inú ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń bọ̀, ẹ wọlé, ẹ ti wíńdò, tàbí kẹ́ ẹ kúrò níbi tí atẹ́gùn ń gbé e lọ, ẹni tó bá sì ti fà á símú kó lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà kó sì sọ pé èéfín ìfọ́-àpáta ni, kó má kàn sọ pé òun ń wúkọ́.

Ògiri ilé tún ńkọ́. Ilẹ̀ á máa mì, ògiri á máa sán, wọ́n á sì sọ fún yín pé ó ti sán tẹ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìwakùsà tí wọ́n ṣe lọ́dún 1977 jẹ́ kí ẹni tí ilé rẹ̀ wà láàárín ààbọ̀ máìlì sí ibẹ̀ lè ní kí wọ́n wá yẹ ilé òun wò kí wọ́n tó yin àpáta rárá. Bí òfin ibi tí ẹ wà bá ní i tàbí kò ní i, ẹ ya fọ́tò gbogbo ògiri yín, nínú àti lóde, títí kan inú kànga, kí déètì hàn níbẹ̀.

Kànga_Jíjìn

Abíyè, ìbéèrè tí wọ́n sá fún yẹn, òun gan-an ni ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ omi ni mò ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí ẹni tó bá mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, wọn ò lè fi "ẹ fọkàn balẹ̀" lé e lọ.

Nínú èédú àti òkúta tó yí i ká, irin àti imí ọjọ́ sábà máa ń wà tó lẹ̀ mọ́ra wọn. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí atẹ́gùn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní da ẹnikẹ́ni láàmú. Ọjọ́ tí wọ́n bá hú u síta, tí atẹ́gùn fẹ́ sí i tí òjò sì rọ̀ lé e lórí, ó di ásíìdì. Ásíìdì yẹn á wá máa fa nǹkan míì jáde látinú òkúta, manganese, alumíníọ̀mù, irin, níbòmíì arsenic tó jẹ́ májèlé àti òjé, gbogbo rẹ̀ á sì wọ́ lọ sódò tàbí kó rọra jò wọ omi abẹ́ ilẹ̀. Odò á pọ́n, òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dípẹtà. Ó sì lè máa ṣàn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ ti kó ẹrù wọn lọ, èyí ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, pé ẹni tó jẹ èrè rẹ̀ kì í sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé tí omi bá mọ́ gaara, ó ti dáa nìyẹn. Arsenic kì í ní àwọ̀, kì í ní òórùn, òjé náà bẹ́ẹ̀. Omi tí ásíìdì ò sí nínú rẹ̀ rárá ṣì lè gbé selenium wá, èròjà kan tó ń ti inú òkúta jáde. Ní ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń bẹ́ orí òkè kúrò láti kó èédú, àwọn onímọ̀ rí ẹja tí selenium ti sọ di abirùn, àwọn ọmọ ẹja tí ẹ̀yìn wọn wọ́. Àyíká ibẹ̀ yẹn náà ni EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé láàárín 1992 sí 2002, odò kéékèèké tó gùn tó máìlì 1,200 ni iṣẹ́ ìwakùsà kàn, yálà wọ́n da yèèpẹ̀ bò ó tàbí wọ́n hú ojú rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nì kan sọ fún yín pé ẹ sáà máa se omi kẹ́ ẹ tó mu ún. Síse ń pa kòkòrò àrùn, kò lè pa irin tàbí arsenic, bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná gan-an ni èyí tó kù ń ki sí i. Manganese tó pọ̀ jù nínú omi ń yọ ọpọlọ ọmọdé lẹ́nu, òjé burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, arsenic tí èèyàn mu fún ọdún pípẹ́ ń fa jẹjẹrẹ awọ ara, ti àpò ìtọ̀ àti ti ẹ̀dọ̀fóóró.

Kànga tún lè gbẹ o. Ihò tí wọ́n ń gbẹ́ yẹn máa ń jìn ju ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ wà lọ, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ fa omi dànù kí ihò má bàa kún, kànga àwọn tó wà nítòsí á sì máa lọ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ yẹ omi yín wò báyìí, kí wọ́n tó gbé katapílà kan ṣoṣo dé. Ẹ jọ dá owó jọ tó bá gba bẹ́ẹ̀, ẹ mú kànga mélòó kan àti odò, ẹ gbé e lọ sí láàbù tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ náà, ẹ ní kí wọ́n wo ìwọ̀n ásíìdì rẹ̀, irin, manganese, alumíníọ̀mù, sulfate, arsenic, òjé àti selenium. Kí ẹni méjì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bu omi, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Ẹ tún un ṣe nígbà tí òjò bá ń rọ̀ àti nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, torí omi ń yàtọ̀. Láìsí ìwé yẹn, ọjọ́ tí omi bá bàjẹ́, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan fi dá wọn lóhùn.

Ọ̀kan ṣì kù. Wọ́n sábà máa ń fọ èédú, ẹrẹ̀ dúdú tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń dá sẹ́yìn ìdídò. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á fọ èédú níbẹ̀ àti ibi tí ìdídò yẹn máa wà, ṣé òkè ilé yín ni àbí ìsàlẹ̀. Ọjọ́ 26 oṣù kejì 1972 ni irú ìdídò bẹ́ẹ̀ ya ní Buffalo Creek ní West Virginia, èèyàn 125 ló kú láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ará àfonífojì yẹn ni ò nílé mọ́.

Aríwòye

Ẹ má bínú o, mi ò wá ta kò yín. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀rí tó dájú wà pé ìwa-èédú ló ń fa àìsàn fún àwọn ará ìtòsí? Torí ibi tí wọ́n ti ń wa nǹkan, ibẹ̀ náà ni ìṣẹ́ sábà máa ń pọ̀, àwọn èèyàn ń mu sìgá, ilé ìwòsàn jìnnà. Tí Àǹtí bá lọ sọ nípàdé pé èédú ń fa jẹjẹrẹ, tí ilé-iṣẹ́ sì mú onímọ̀ tiwọn wá, ojú lè tì í. Mo fẹ́ kó mọ ibi tí ilẹ̀ ti le.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlera

Ìbéèrè gidi ni Aríwòye bi yìí, òun ni wọ́n sì máa bi nípàdé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀ bó ṣe wà.

Ibi tí wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀ jù ni òkè Appalachia ní Amẹ́ríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Hendryx àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dún 2008, òun àti Melissa Ahern gbé ìwádìí kan jáde nípa àgbàlagbà tó lé ní 16,000 ní West Virginia, wọ́n rí i pé bí èédú tí wọ́n ń wà ládùúgbò ṣe ń pọ̀ sí i ni àrùn ẹ̀dọ̀fóóró, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn kíndìnrín ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ti yọ ọ̀rọ̀ sìgá, owó tó ń wọlé, ọjọ́ orí àti ìwé tí èèyàn kà kúrò nínú ìṣírò kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ìṣẹ́ àti sìgá nìkan ò lè gbé gbogbo ẹ̀bi yẹn.

Lọ́dún 2011, wọ́n tún gbé ọ̀kan jáde nípa àwọn ọmọ tí wọ́n bí láàárín 1996 sí 2003, wọ́n ní àbùkù ara tí wọ́n bí mọ́ ọmọ pọ̀ sí i níbi tí wọ́n ti ń bẹ́ orí òkè. Èyí ni kẹ́ ẹ fọwọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mú. Lọ́dún 2015 àwọn míì tún ìṣírò yẹn ṣe, wọ́n ní ọ̀nà tí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ń gbà kọ àbùkù sílẹ̀ ló fa ìyàtọ̀ yẹn. Àǹtí, ẹ má fi ìyẹn ṣe ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ yín, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbá yín mú.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, àwọn ará yunifásítì Newcastle ṣe tiwọn, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2000. Wọ́n fi àwọn ọmọ tó ń gbé nítòsí ibi ìwa-èédú wé àwọn tó jìnnà sí i. Ásímà ò pọ̀ ju ara wọn lọ. Àmọ́ eruku fi díẹ̀ pọ̀ sí i nítòsí ibẹ̀, wọ́n sì ń gbé àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ rí dókítà ju àwọn tọ̀hún lọ nítorí ọ̀ràn èémí, awọ ara àti ojú. Ìyẹn ni pé kò dá ásímà sílẹ̀ lára ọmọ tí ò ní i, àmọ́ àìsàn tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn pọ̀ sí i, èyí sì ṣe pàtàkì fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti ní ásímà tẹ́lẹ̀.

Wọ́n tún kó eruku níbi tí wọ́n ti ń bẹ́ orí òkè ní West Virginia, wọ́n lò ó fún eku ní láàbù, òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ara eku ò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Ìyẹn bá ohun tí Màmá sọ nípa ọkàn mu.

Ohun tó ń bí mi nínú ni èyí. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra wọn ní kí àwọn National Academies, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń gba ìjọba ibẹ̀ nímọ̀ràn, kó gbogbo ìwádìí yìí jọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, owó wà níbẹ̀, ìgbìmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìgbà tó di oṣù kẹjọ 2017 ni ìjọba tó dé ní kí wọ́n dá a dúró. Nítorí náà tẹ́nì kan bá sọ nípàdé pé ẹ̀rí kò tíì pé, ẹ bi í pé ta ni ò jẹ́ kó pé.

Ẹ tún má gbàgbé iná. Ní Morwell ní Australia, iná látinú igbó ló ràn mọ́ ihò èédú Hazelwood ní oṣù kejì 2014, ọjọ́ 45 ló fi jó. Èéfín bo ìlú, ó sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí wọ́n tó gba àwọn aboyún, ọmọ kékeré àti àgbàlagbà nímọ̀ràn pé kí wọ́n kúrò. Ìgbìmọ̀ ìwádìí wá sọ lẹ́yìn náà pé ó ṣeé ṣe kí iná yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ikú pọ̀ sí i níbẹ̀ lọ́dún yẹn. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ yín bí wọ́n ṣe máa pa iná tó bá ràn mọ́ ojú èédú tó wà níta gbangba, àti ibi tí omi rẹ̀ máa wá.

Abíyè

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Mo ti sọ fún ọkọ mi nípa yíyẹ kànga wò, ó ní ká bá àwọn ará ilé tó yí wa ká sọ ọ́, ká jọ san owó láàbù. Ohun méjì ló kù tí mo fẹ́ béèrè. Báwo ló ṣe yẹ kó jìnnà sílé tó gan-an? Ṣé bíbo imú ń ṣiṣẹ́, tórí wọ́n ní àwọn á pín nǹkan ìbòmú fún wa?

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jọ ṣe é. Ti ìbòmú, aṣọ lásán àti èyí tó fẹ́lẹ́ tí dókítà ń lò kì í dá PM2.5 dúró dáadáa. Irú ìbòmú tí wọ́n ń pè ní N95 ló ń dá a dúró, tó bá lẹ̀ mọ́ ojú tí atẹ́gùn ò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ó sì ṣòro kó bá ojú ọmọ kékeré mu. Ṣé ọmọ á wá fi sùn ni? Ìbòmú wà fún ọjọ́ tí nǹkan bá burú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dípò wíwọ́n omi sí ojú ọ̀nà.

Nínú ilé, má gbálẹ̀ gbígbẹ, fi aṣọ tútù nu ún, tórí ìgbálẹ̀ ń gbé eruku padà sínú afẹ́fẹ́ ni. Ti wíńdò apá ibi tí wọ́n wà ní wákàtí tí wọ́n bá ń yin àpáta, kí wọ́n sì máa sọ wákàtí yẹn fún yín ṣáájú. Gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà báyìí, kó yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe ń mí, kó kọ ètò sílẹ̀ fún ọ, oògùn wo láràárọ̀, èwo tó bá ń mí pákápáká, ìgbà wo lo gbọ́dọ̀ gbé e wá kíákíá. Kí ínhélà má tán nílé. Kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ọkọ rẹ, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ, ìyẹn náà á wúlò bíi ti ìwé omi.

Mo fẹ́ fi oorun kún un, àwọn èèyàn kì í kà á sí. Tí típà bá ń ké lóru tí ilé sì ń mì, ara ẹlẹ́jẹ̀ ríru kì í balẹ̀. Mo rí àwọn tí oorun dá lójú wọn, tí inú wọn bàjẹ́ ṣáá torí òkè tí wọ́n ti ń wò láti kékeré ti di ihò, wọ́n á dé kìlíníìkì, wọ́n á ní orí ń fọ́ àwọn. Àìsàn ni ìyẹn náà, ẹ sọ ọ́ nípàdé.

Ọmọ_Awakùsà

Nípa jíjìnnà, ní Wales, ìlànà tí ìjọba wọn gbé jáde lọ́dún 2009 ní kí mítà 500 wà láàárín ibi ìwa-èédú àti ibi tí èèyàn ń gbé. Ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ bàtà 300 sí ilé tí èèyàn wà nínú rẹ̀ ni òfin tọdún 1977 yẹn sọ, ìyẹn ò ju nǹkan bíi mítà 90 lọ, lójú tèmi ìyẹn kéré gan-an. Àmọ́ atẹ́gùn ò mọ mítà o, ilé tó jìnnà díẹ̀ tó wà níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí lè jẹ eruku ju èyí tó sún mọ́ wọn lẹ́yìn òkè. Ẹ bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti wọn ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ládùúgbò yín, kí wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ wá. Ojú ọ̀nà típà ńkọ́, ṣé wọ́n máa gbà á kọjá nítòsí ilé-ẹ̀kọ́? Mítà tí wọ́n ń kà láti ẹnu ihò, wọn kì í ka ọ̀nà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kà á.

Ẹ tún béèrè owó ìdógò, ìyẹn owó tí wọ́n máa fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tí wọn ò ní rí gbà padà àfi tí wọ́n bá dí ihò tí wọ́n sì tún ilẹ̀ ṣe. Òfin Amẹ́ríkà yẹn ní i. Ẹ tún ní kí wọ́n kọ ọ́ pé tí kànga bá gbẹ tàbí tó bàjẹ́, àwọn ló máa pèsè omi míì, òfin yẹn náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kọ́. Tí wọ́n bá kọ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀, kí akọ̀wé ìpàdé yín kọ ọ́ sílẹ̀ pé a béèrè, wọ́n sì kọ̀, kó kọ orúkọ ẹni tó kọ̀ àti ọjọ́ tó kọ̀ ọ́.